Ibojì àtijọ́ West Kennet ní Wiltshire: ṣé ó yẹ ká kó àwọn ọmọ ìjọ wọ inú rẹ̀?

Olùtọ́jú Ọ̀dọ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan dé bá mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa ní Swindon. Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó ń bọ̀, a fẹ́ kó àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15 lọ rìn ní ìgbèríko, a sì ti mú Avebury, abúlé tí àwọn òkúta ńlá àtijọ́ yí ká, torí pé kò jìnnà sí wa, kò sì ní ná wa lówó. Nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, mo kọ ọ́ pé a ó yà ní West Kennet Long Barrow, òkìtì ibojì àtijọ́ kan tó wà lórí òkè ní gúúsù Avebury.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá kan ní òun kò bímọ kí wọ́n wá mú un wọ sàréè. Bàbá kan ní òun rí i lórí YouTube tí àwọn òyìnbó abọ̀rìṣà ń tan àbẹ́là nínú rẹ̀. Alàgbà kan kò ní ká má lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun máa tẹ̀ lé wa, òun á da òróró sára òkúta ẹnu ọ̀nà kí ọmọ kankan tó wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ gbà mí. Ṣé òkú ṣì wà nínú rẹ̀? Ta ló ni ibẹ̀? Ṣé wọ́n ń gbowó? Kí ni kí n sọ fún àwọn òbí wọ̀nyí?

Awakọ̀ M4:

Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí iṣẹ́ bá gbé mi gba títì A4. Kò sí òkú níbẹ̀ mọ́. Kò sí owó ẹnu ọ̀nà, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti tábìlì. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ lè wọlé.

Àyè ìgbọ́kọ̀sí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítòsí Silbury Hill, òkìtì ńlá tí àwọn ará àtijọ́ fi ọwọ́ mọ. Ẹ ó gba géètì wọlé, ẹ ó sọdá odò Kennet tí kò fẹ̀ rárá níbẹ̀, ẹ ó wá máa gun òkè láàárín oko ọkà. Bíi ìdajì máìlì ni. Ilẹ̀ ẹfun ni gbogbo agbègbè yẹn, bí òjò bá rọ̀ ó máa ń yọ̀ gan-an, nítorí náà kí àwọn ọmọ má wọ bàtà pẹlẹbẹ wá. Kò sì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lórí òkè náà o. Kí gbogbo wọn ti tọ̀ ní Avebury kí ẹ tó gbéra.

Ìyá Reading:

Èmi wà lẹ́yìn ìyá yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti sin ènìyàn sí, ibojì ni títí ayé, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti kó egungun rẹ̀ kúrò. Ṣé ẹ máa kó ọmọ lọ ṣeré ní itẹ́ òkú ní Ìbàdàn? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tó bá ti jẹ́ ti òyìnbó, ó ti di ibi ìgbafẹ́?

Jagunlabí:

Mọ̀mí, mo kí yín o. Westminster Abbey tí gbogbo wa ń lọ ya fọ́tò ńkọ́? Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ ju 3,000 lọ, orí òkú la sì ń rìn bí a bá wọlé. Ilé bàbá tiwa náà ńkọ́? Inú pálọ̀ ni wọ́n sin bàbá bàbá mi sí. Orí sàréè rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni àwọn àgbà ti ń ta ayò, ibẹ̀ la sì ń sùn sí lọ́sàn-án torí pé ó tutù.

Ìyá Reading:

Bàbá yín nìyẹn. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ mọ oríkì rẹ̀. Ta ni àwọn tó wà ní West Kennet sí ọmọ tí wọ́n bí ní Swindon?

Ọmọ Awalẹ̀:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ni mò ń ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ìbéèrè Mọ̀mí dára, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n. Láàárín ọdún 3670 sí 3635 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ ibojì náà. Ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ju pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ lọ́jọ́ orí, àwọn òkúta gàgàrà Stonehenge náà kò sì tíì dìde nígbà yẹn. Òkìtì náà gùn tó mítà 100, àmọ́ apá ìlà-oòrùn nìkan ni yàrá wà, kò sì wọnú ju mítà 12 lọ. Yàrá márùn-ún ni: méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkúta ńláńlá tí wọ́n ń pè ní sarsen ni wọ́n fi ṣe ògiri àti òrùlé. Níbi tí àyè bá ṣẹ́ kù láàárín òkúta méjì, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé láti ọ̀nà jíjìn dí i, láìlo amọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Ẹ tún wo ara àwọn òkúta kan, ẹ ó rí ibi tó ń dán, tí wọ́n ti pọ́n àáké òkúta kí wọ́n tó gbé e wá kọ́lé.

Nǹkan bí ogójì ènìyàn ni wọ́n kó síbẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ṣèwádìí ọjọ́ orí egungun náà rí i pé kò ju bí ìran kan lọ tí wọ́n fi ń tẹ́ òkú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn kò sin ẹnikẹ́ni ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń wá da ẹfun àti àpáàdì ìkòkò sínú àwọn yàrá náà, títí tí wọ́n fi wá to òkúta gìrìwò sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn òkúta ìdílẹ̀kùn yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ẹ bá gun òkè dé.

John Thurnam ló kọ́kọ́ walẹ̀ níbẹ̀ ní 1859. Dókítà tó ń ṣàkóso ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Devizes ni, agbárí ló ń wá, ó fẹ́ wọn orí àwọn ará àtijọ́ kó lè mọ ẹ̀yà wọn. Stuart Piggott àti Richard Atkinson wá wú yàrá tó kù ní 1955 àti 1956, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe kí ènìyàn lè wọlé. Wọ́n bá egungun bàbá àgbàlagbà kan tí ẹnu ọfà òkúta wà níbi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ìkòkò àti nǹkan mìíràn tí wọ́n rí wà ní mùsíọ́mù ní Devizes.

Nítorí náà, ọ̀gá Olùtọ́jú, yàrá òfìfo ni àwọn ọmọ yóò bá.

Màmá Ìbejì:

Ọfà lọ́nà ọ̀fun ké? Ta ló ta á?

Ọmọ Awalẹ̀:

Ọlọ́run ló mọ̀, mà. Ọlọ́pàá kò sí nígbà yẹn.

Baba Elégbòogi:

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà kan wà ní Marlborough tó ń jẹ́ Robert Toope. Ní 1685 ó kọ̀wé sí John Aubrey, ẹni tó ń kọ ìtàn àwọn ibi àtijọ́ ilẹ̀ yìí sílẹ̀, ó ní òun wú egungun òkú lórí òkè Overton, tí kò jìnnà sí West Kennet, òun fi po oògùn, àwọn aládùúgbò òun tó ń ṣàìsàn sì rí ìtura. William Stukeley, tó kọ ìwé lórí Avebury ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, sọ pé dókítà yìí kan náà ló wú òkìtì West Kennet bàjẹ́.

Dókítà gidi tó kàwé ni o! Bí wọ́n bá mú un ní Abẹ́òkúta lónìí pẹ̀lú àpò egungun lọ́wọ́, ẹ mọ orúkọ tí a ó pè é.

Jagunlabí:

Háà! Aṣetùtù ni wọ́n á pè é, fídíò rẹ̀ á sì ti kárí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́. Ti òyìnbó ni ìtàn ìṣègùn.

Alàgbà Bristol:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ òkú ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Èmi gbọ́ pé Silbury Hill tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ibojì gidi, pé ọba kan wà nínú rẹ̀ lórí ẹṣin pẹ̀lú wúrà.

Ọmọ Awalẹ̀:

Ìtàn àwọn ará abúlé ni ìyẹn, sà. Wọ́n gbẹ́ ihò láti orí Silbury wọlẹ̀ ní 1776, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé ní 1849, wọ́n tún gbẹ́ ẹ láti 1968 sí 1970, tẹlifíṣọ̀n ń wò wọ́n. Wọn kò rí ọba, wọn kò rí ẹṣin, wọn kò rí wúrà. Ohun tí wọ́n jèrè ni pé ihò ti 1776 jìn ní 2000, wọ́n wá ń náwó láti dí i. Nítorí ìyẹn náà ni wọn kì í fi í jẹ́ kí ènìyàn gun Silbury mọ́, kí àwọn ọmọ náà má gbìyànjú rẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìbéèrè Mọ̀mí Reading, ta ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí máa dùn mọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí agboolé.

Ibojì mìíràn wà ní Gloucestershire tí wọ́n ń pè ní Hazleton North. Irú West Kennet ni, ìgbà wọn kò sì jìnnà síra. Àwọn àgbẹ̀ ń túlẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ń bàjẹ́ lọ, ni àwọn awalẹ̀pìtàn tí Alan Saville ṣáájú bá wú u tán pátápátá láàárín 1979 sí 1982. Nígbà tí ọgbọ́n kíka DNA dé, wọ́n yẹ àwọn egungun náà wò, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ìparí 2021. Ènìyàn 35 ni wọ́n rí DNA wọn kà. Nínú wọn, 27 jẹ́ ẹbí kan ṣoṣo, ìran márùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ti ara ọkùnrin kan wá. Obìnrin mẹ́rin ló bímọ fún ọkùnrin náà.

Apá méjì ni ibojì náà ní, yàrá àríwá àti yàrá gúúsù, ẹnu ọ̀nà wọn yàtọ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ti ara méjì nínú àwọn ìyá náà wá, gúúsù ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí. Ti ìyá méjì yòókù, àríwá.

Màmá Ìbejì:

Ìdí-igi!!! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí ọkọ mi gbọ́. Bàbá kan, ìyá mẹ́rin, wọ́n sì fi ìdí ìyá pín yàrá òkú?

Nígbà tí bàbá wa kú ní Ìkirè, báyìí gan-an ni wọ́n pín ilẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni wá. Ìdí ìyá mi, ọmọ méje. Ìdí ìyàwó kékeré, ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Oko kòkó tó kàn wá náà ló kan òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, mọ́gàjí ní rárá, bí wọ́n ṣe ń pín in nílé yìí nìyẹn. Inú ẹ̀gbọ́n mi kò tíì rọ̀ di òní. Ṣé pé irú ẹjọ́ yìí ti wà láyé láti ìgbà yẹn?

Ọmọ Awalẹ̀:

Mo rẹ́rìn-ín, mà. Egungun kò lè sọ bóyá ọkùnrin náà fẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tàbí ọ̀kan kú kó tó fẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n pé àwọn ọmọ rántí ìyá tí oníkálukú ti wá, tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlànà títí dé ìran karùn-ún, ìyẹn hàn kedere. Ẹni tó dàgbà sí Yúróòpù nìkan lè má tètè mọ ohun tó ń wò. Ọmọ agboolé kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n rí àwọn ọkùnrin kan níbẹ̀ tí ìyá wọn wà nínú ẹbí náà, ṣùgbọ́n tí bàbá tó bí wọn kì í ṣe ara ilé. Ìyá wọn tún bímọ fún ọkùnrin ilé yìí. Ó jọ pé ọmọ tí ìyá gbé pọ̀n wọlé ọkọ ni wọ́n, ilé náà sì gbà wọ́n sí ọmọ, wọ́n sin wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Ọ̀kín Manchester:

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ọmọkùnrin nìkan ni mò ń gbọ́.

Ọmọ Awalẹ̀:

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, àǹtí. Ọmọbìnrin ilé méjì péré ni wọ́n rí, àwọn méjèèjì sì kú ní kékeré. Ọmọbìnrin ilé tó dàgbà, wọn kò rí ẹyọ kan. Gbogbo ìsopọ̀ láti ìran kan sí èkejì, bàbá sí ọmọ ni. Ó jọ pé àwọn obìnrin ti lọ sílé ọkọ, ilé ọkọ ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Àwọn obìnrin kan tún wà nínú ibojì náà tí kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tan. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó ilé ni wọ́n.

Ọ̀kín Manchester:

Wọ́n yàtọ̀ sí wa níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa láyé àtijọ́, bí obìnrin bá kú sílé ọkọ, àwọn ẹbí rẹ̀ á wá gbé òkú rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Ilé ọkọ kò ní i. Ìyá ìyá mi lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nílé ọkọ, àmọ́ àgbàlá bàbá rẹ̀ ni sàréè rẹ̀ wà. Nítorí náà, Màmá Ìbejì, ẹ má tíì sọ pé Yorùbá ni wọ́n.

Màmá Ìbejì:

Èmi ò sọ pé Yorùbá ni wọ́n o. Olórogún ni mo pè wọ́n.

Jagunlabí:

Ìbéèrè kan. Hazleton tí wọ́n wú tán, gbogbo àṣírí rẹ̀ la gbọ́ yìí. West Kennet tí wọ́n ń dáàbò bò, kí la mọ̀ nípa ẹbí wọn? Ṣé kò ní sàn kí wọ́n kúkú wú gbogbo wọn?

Ọmọ Awalẹ̀:

Rárá o. Hazleton sọ̀rọ̀ torí pé àwọn tó wú u fara balẹ̀ kọ ibi tí egungun kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì sí ẹni tó lè ka DNA òkú ní 1979. Thurnam tó wú West Kennet ní 1859, agbárí ló ń wá, kò bìkítà fún ẹ̀gbẹ́ tí ìka ẹsẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń wú ibojì. Bí wọ́n bá wú gbogbo rẹ̀ tán lónìí, kí ni ẹni tó máa ní irinṣẹ́ tó ju tiwa lọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i máa rí wò? Hazleton kò sí lókè ilẹ̀ mọ́, ọmọ ìjọ kankan kò lè lọ wò ó.

Lọ́yà Òkè-Òkun:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè "ta ló ni ibẹ̀", torí òróró alàgbà yẹn ń kọ mí lóminú.

Àjọ méjì tó ń tọ́jú àwọn ibi àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀: West Kennet wà lábẹ́ ìtọ́jú English Heritage, National Trust ló ń bójú tó o lójoojúmọ́. Ó wà nínú àwọn ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé ní 1986 pẹ̀lú Stonehenge àti Avebury. Òfin 1979 lórí àwọn ibi àtijọ́ sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba irú ibẹ̀ jẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún méjì. Kódà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ó níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Òróró máa ń wọnú òkúta, kì í kúrò. Àbẹ́là àwọn tó ń ṣe ọdún oòrùn níbẹ̀ gan-an ni àwọn olùtọ́jú ń bẹ̀ pé kí wọ́n má tàn, torí èéfín rẹ̀ ń dú òkúta, ooru rẹ̀ sì ń là á. Kí alàgbà gbàdúrà lẹ́nu, Ọlọ́run gbọ́.

Ìtàn bí òfin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ dùn. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, John Lubbock, òun náà ló mú òfin ìsinmi Bank Holiday wá ní 1871, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ tó wà láàárín òkúta Avebury, owó ara rẹ̀ ló fi ra ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gbé àbá òfin ìdáàbòbò lọ sílé aṣòfin, tí wọ́n ń dá a padà, torí àwọn onílẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí àwọn máa ṣe lórí ilẹ̀ àwọn. 1882 ni wọ́n tó gbà á. Ibi 68 ni wọ́n kọ sínú òfin àkọ́kọ́ yẹn, West Kennet wà nínú wọn. Òfin náà kò ní eyín rárá. Bí onílẹ̀ kò bá gbà, ìjọba kò lè fipá mú un. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alábòójútó ni Ọ̀gágun Pitt-Rivers, tó wá di àna Lubbock. Ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń bẹ àwọn onílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ síwèé.

Jagunlabí:

Ẹ dúró ná. Pitt-Rivers wo? Èyí tó ní ère Benin?

Lọ́yà Òkè-Òkun:

Òun náà ni. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Benin ní 1897, ó ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrù náà sí mùsíọ́mù tirẹ̀ ní Dorset. Ó kọ ìwé lórí wọn, ìwé náà jáde ní 1900, ọdún náà ló kú.

Jagunlabí:

Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ọkùnrin kan náà tó ń bẹ àgbẹ̀ Wiltshire pé kó má fọwọ́ kan egungun ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀, òun ló ń rajà ní gbàǹjo nígbà tí wọ́n tú ojúbọ àwọn bàbá Ọba Benin ká. Orí àwọn pẹpẹ yẹn ni àwọn orí idẹ náà wà kí wọ́n tó kó wọn, àwọn tó ń bọ wọ́n sì wà láàyè, wọ́n mọ orúkọ gbogbo ọba tó wà níbẹ̀. Òfin wà fún òkú tí kò lọ́mọ. Èyí tó lọ́mọ, wọ́n tà á.

Lọ́yà Òkè-Òkun:

N kò lè jiyàn pẹ̀lú yín lórí ìyẹn.

Alàgbà Bristol:

Àwọn òyìnbó tó ń wọ aṣọ funfun wá síbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní bàbá ńlá àwọn ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Awalẹ̀:

Ẹ̀sìn Druid ni wọ́n ń ṣe. Ní 2006, ẹgbẹ́ wọn kan bèèrè pé kí mùsíọ́mù Avebury gbé egungun àwọn ará àtijọ́ tó wà níbẹ̀ jáde, kí wọ́n tún wọn sin. Èyí tí ọ̀rọ̀ náà dá lé jù ni egungun ọmọdé kan tí wọ́n wú ní Windmill Hill, òkè kan nítòsí Avebury, tí àwọn ènìyàn sọ ní Charlie. English Heritage àti National Trust gba èrò ará ìlú jọ, ní 2010 wọ́n ní egungun náà kò kúrò ní mùsíọ́mù.

Ní ti bàbá ńlá, DNA kò gbè wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́ West Kennet, láti ara àwọn àgbẹ̀ tó gbéra ní ilẹ̀ tó di Túrkì lónìí ni wọ́n ti ṣẹ̀, tí ọmọ wọn ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi sọdá òkun dé ibí. Nígbà tó yá, láti nǹkan bí ọdún 2450 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ènìyàn mìíràn tún dé láti Yúróòpù. Láàárín ọ̀rúndún díẹ̀, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà ní erékùṣù yìí ti di ti àwọn àlejò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn onílé àkọ́kọ́ kò parẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀ lára òyìnbó tí ẹ ń rí lónìí.

Ìyá Reading:

Ẹ wá gbọ́. Àwọn náà ṣí wá. Àwọn tó lé wọn náà ṣí wá. Àwa náà sì gba físà wá.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ohun kan ṣì wà tí n kò gbà: ẹ ní yàrá òfìfo ni. Bí bàbá Jagunlabí bá ṣí kúrò lábẹ́ pálọ̀ yẹn lọ́la, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ búrẹ́dì àti ṣúkúrù síbẹ̀? Bí àwọn ọmọ yẹn bá máa wọlé, kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ fún wọn níta pé ilé ẹbí ẹnì kan ni, kí wọ́n kí wọn. "Ẹ kúulé" kò ba òkúta jẹ́, kò sì ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Ọ̀kín Manchester:

Ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló máa dáhùn, mọ̀mí? Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn, èmi á sáré dé Swindon.

Olùtọ́jú Ọ̀dọ́:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti bá alàgbà sọ̀rọ̀. Mo ka ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, ó ní òun á fi òróró òun sílé. Ìyá tó kọ́kọ́ pè mí kò yí padà: ọmọ rẹ̀ yóò bá wa gòkè, yóò dúró níta pẹ̀lú àǹtí kan, wọ́n á máa wo Silbury láti orí òkìtì náà. N kò bá a jà, ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn mẹ́sàn-án lára àwọn òbí ti fọwọ́ síwèé. Bàbá YouTube ní òun fúnra òun ń bọ̀, ó fẹ́ rí i lójúkojú.

Ọmọ Awalẹ̀, mo máa lo ìtàn ìyá mẹ́rin yẹn. Mo ní àwọn ọbàkan mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tí wọn kì í jókòó sórí àga kan náà.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ mọ̀: bọ́ọ̀sì oníjókòó 29 la fẹ́ háyà. Ṣé yóò gba ẹ̀gbẹ́ A4 yẹn?

Awakọ̀ M4:

Má dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Àyè ibẹ̀ kò tó fún bọ́ọ̀sì, bí mọ́tò mẹ́rin bá sì ti ṣáájú yín dé, ẹ ó há. Ẹ gbé e sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ti National Trust ní Avebury, wọ́n ń gbowó níbẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Silbury. Ó lé ní máìlì kan lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni bíbọ̀. Ẹ ó sọdá A4 lẹ́sẹ̀, mọ́tò ń sáré gan-an níbẹ̀, kí àgbàlagbà kan dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn ọmọ kọjá. Tọ́ọ̀ṣì méjì tó fún yàrá ẹ̀yìn. Kí oníkálukú gbé omi tirẹ̀ dání, kò sí ṣọ́ọ̀bù lórí òkè yẹn.